Àmín Tí A Ṣe Sí Òfin Tí A Kò Rí

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé n kò rí òrùlé ilé tó kọjú sí tèmi dáadáa. Eruku funfun bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ètè mi sì ti là kí n tó rántí fi òrí pa á. Otútù bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ní Ìbà, l'Ékòó níbí. Tí oòrùn bá ti yọ díẹ̀, ooru á dé. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọyẹ́ ni mo fi máa ń mọ ibi tí omi kànga mi dúró sí. Mo ju korobá ìfami sísàlẹ̀, mo ń tú okùn sílẹ̀, mo ń tú u sílẹ̀, okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ mi kí n tó gbọ́ ìró omi. Nígbà tí mo fà á sókè, iyanrìn ti bá omi dé.

Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Bó ṣe máa ń rí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ nìyẹn. Mo ti bá agbẹ́kànga sọ̀rọ̀, ó ní lọ́jọ́ kejì òun ń bọ̀ wá gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ sí i, kí òun sì sọ òrùka kọnkéré tuntun sí i. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà láti wọ inú kànga.

Ọkọ mi ló gbẹ́ kànga náà kó tó kọ́ yàrá kankan sórí ilẹ̀ yẹn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni a ti wá, a kò mọ ẹnì kan ní Ìbà nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń bi í pé kí ló dé tó fi ń gbẹ́ ihò nígbà tí kò tíì ní ibi tó máa sùn. Ó ní ẹni tó bá ti ní omi, ilé kò lè jìnnà sí i mọ́. Ó ti di olóògbé báyìí. Ilé wà, kànga wà, èmi náà wà níbẹ̀.

Ògì ni mo ń ṣe. Omi kànga yẹn ni mo fi ń rẹ àgbàdo, òun ni mo fi ń sẹ́ ẹ. Mo ti gbìyànjú omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ káàkiri àdúgbò. Ìpẹtà wà nínú rẹ̀. Tí o bá fi sẹ́ ògì, tó bá máa fi di ọjọ́ kejì ó ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ irin, àwọn oníbàárà mi ní Òkokomáíkò á sì dá a padà. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ kànga létí mi, ọ̀rọ̀ oúnjẹ mi ló ń sọ. Kì í sì í ṣe tèmi nìkan. Ìdajì àdúgbò ló ń pọn ún. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe fún wọn: korobá ìta kò gbọdọ̀ wọ inú kànga mi, èyí tó wà lórí okùn ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì dé e padà tí wọ́n bá pọn tán. Mo sọ òfin náà fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó pọn omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn.

Mo ṣì di okùn mú nígbà tí alága àdúgbò wa wọlé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń tún fìríìjì ṣe, ó sì máa ń kí èèyàn tọkàntọkàn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ológì. Ẹ kú ọyẹ́ yìí. Ẹ tètè múra o, àwọn aṣòfin ń pè wá lónìí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn aráàlú."

"Lórí kí ni?"

"Lórí òfin kànga ni, Màmá."

Mo gbé korobá sílẹ̀. "Òfin kànga wo?"

"Wọ́n fẹ́ ṣe òfin lórí kànga inú ilé. Ẹnì kan ní wọ́n máa ní ká fi yẹ̀pẹ̀ dí gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ní èyí tó bá sún mọ́ ṣáláńgá nìkan ni. Ẹlòmíì tún ní èyí tí kò bá ní ọmọrí ni."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo rí nínú ìwé rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá eruku kúrò lórí fìlà rẹ̀. "Wọn ò fún wa níwèé kankan, Màmá. Wọ́n ní ká ṣáà wá."

Mo tún bi í léèrè: lónìí ni wọ́n ń sọ fún wa, lónìí náà ni a máa lọ, a kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ń tì í, mo rí i. Mo wọṣọ, mo lọ kan ilẹ̀kùn Àlájà.

Àlájà ni ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ òkìrìkà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti dàgbà jù mí lọ. Omi kànga mi ló fi ń ṣe àlùwàlá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ fá orí wa, ó yẹ ká gbé orí lọ síbẹ̀." Òwe àwọn àgbà ló ń fà yọ, pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. A rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé èèyàn lè gbé orí lọ, kí wọ́n sì fá a lójú rẹ̀, kó má mọ̀.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n pè wá sí wà lójú ọ̀nà. N kò ní sọ ìgbìmọ̀ aṣòfin tó jẹ́. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ ti mọ̀. Wọ́n to àga ọlọ́rọ́bà kalẹ̀, wọ́n ta kánópì síta fún àwọn tí kò ráyè wọlé. Bí a ṣe jókòó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi inú ọ̀rá.

Àlájà gbé tirẹ̀ sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìyá Ológì, ẹ rí i? Wọn ò tíì dí kànga, wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe máa máa mumi."

Obìnrin tó jókòó níwájú wa rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Pásítọ̀ kan gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ààfáà kan gbà tẹ̀lé e. A ṣe àmín fún méjèèjì. Lẹ́yìn náà Ọnọrébù tó ń ṣe alága ìgbìmọ̀ náà dìde, ọkùnrin tó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn mi. Ó wọ agbádá funfun nínú eruku ọyẹ́. Mo rò pé ó máa gbé ìwé jáde. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló gbé, ó sì ní òun fẹ́ fi àdúrà kún àdúrà.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ bá mi ṣe àmín tó rinlẹ̀. Kọ́lẹ́rà kò ní wọ àdúgbò wa o!"

"Àmín!"

"Omi tí a máa mu kò ní pa wá o!"

"Àmín!"

"Òfin omi tí a fẹ́ ṣe yìí, ìtura ló máa jẹ́ fún wa o!"

"Àmín!"

"Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, látòkè délẹ̀, ayọ̀ ni yóò já sí fún wa o!"

"Àmíííín!"

Èmi náà ṣe é. Mo tilẹ̀ la ọwọ́ mi méjèèjì, mo sì fi pa orí. Kí ni n bá ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ń gbàdúrà láwùjọ tó di ẹnu, ojú àjẹ́ ni wọ́n máa fi wò ó. Mùsùlùmí ni ọ́ o, Kìrìsìtẹ́nì ni ọ́ o, àmín kan náà ni. Ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀, a ti kọ́ ọ láti ṣe àmín. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rò kó tó ṣe é. Bí ẹni ń ṣẹ́jú ni.

Bí ariwo àmín ṣe rọlẹ̀, Ọnọrébù kọjú sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó jókòó sídìí tábìlì. "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé aráàlú fọwọ́ sí i pẹ̀lú ohùn kan."

Akọ̀wé ní, "Mo ti kọ ọ́, sà."

Ohùn Àlájà ló kọ́kọ́ jáde. "Fọwọ́ sí kí ni?"

Wọ́n ti pe obìnrin kan tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọnọrébù fún àtùpà tí ó gbé sí òpópónà wọn. Nígbà tó ṣe tán, wọ́n pe ọkùnrin kan, òun náà dúpẹ́. Mo na ọwọ́ títí ó fi ń ro mí. Wọn kò pè mí. Nígbà tó yá mo kàn dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọnọrébù. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ìwé òfin náà dà?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí arúgbó. "Màmá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ìwé náà wà lọ́wọ́ àwa tí ẹ dìbò fún. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Mo fọkàn balẹ̀. Mo fẹ́ rí i ni."

"Tí a bá ti dìbò lé e tán, ẹ máa gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Tí ẹ bá ti dìbò tán, kí ni mo fẹ́ fi gbígbọ́ ṣe?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín Ọnọrébù dínkù. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ṣe àmín níbí o. Mo ń wo yín." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi sì ni wọ́n ń rín lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnì kan rọra di apá mi mú, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, àkókò ti lọ." Wọ́n ti ń pín mítpáì.

Ẹ̀jẹ̀ mi kì í gbóná kíákíá. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé tí ilé bá ń jó, màá kọ́kọ́ wá bàtà mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó padà sórí àga ọlọ́rọ́bà yẹn, mo dá mítpáì tí wọ́n gbé fún mi padà. Ọkùnrin yìí mú àdúrà, ohun tó mọ́ jù lọ tí aláìní ní, ó fi ṣe ìfọwọ́sí.

Nígbà tí a ń jáde mo bá akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé náà lásán, n kò ní mú un lọ.

Ó ní, "Kò ṣeé ṣe, Màmá, ti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ nìkan ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́."

"Níbo la wà yìí?" ni mo bi í. "Ṣé kì í ṣe Ìbà? Tí o bá ju òkúta níbí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló máa bà. Àwọn ló háyà yàrá mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ka Gẹ̀ẹ́sì fún mi kò wọ́n mi."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Màmá, wọn ò gbà mí láyè ni." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A fi ẹsẹ̀ rìn padà, èmi, Àlájà àti alága àdúgbò. Eruku ti fò kúrò lójú ọ̀run, oòrùn ti wá ń ta wá lórí. Alága ní ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àlájà yíjú sí i.

"Alága, Ọlọ́run ni wọ́n lò ná. Ẹ má tún fi ìyókù lé e lọ́wọ́."

Nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ òfin. Mo mọ ilé kan tí ṣáláńgá wọn àti kànga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bára wọn sọ̀rọ̀. Tí òfin bá ní kí wọ́n dí ìyẹn, èmi ni màá kọ́kọ́ gbé yẹ̀pẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé òfin náà dára. Ó lè jẹ́ pé kò kan tèmi rárá, nítorí tèmi ní ọmọrí, ó jìnnà sí ṣáláńgá, mo sì ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n tó bá dára, kí ni wọ́n ń fi pamọ́ sí? Tí mo bá lọ ra àgbàdo, ẹni tó ń tà á máa tú ẹnu àpò fún mi. Màá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni kòkòrò máa ń wà. Tí mo bá rí kòkòrò, màá ní n kò rà. Kò sí alágbàdo tó máa bínú sí mi. Àwọn tí a fọwọ́ ara wa yàn, tí a tò sínú oòrùn dìbò fún, àwọn ló wá rán ẹnu àpò pa, wọ́n ní tí mo bá ti gbé e délé ni kí n tú u. Nígbà náà kòkòrò ti di tèmi.

Inú ìyẹn ni mo wà nígbà tí agbẹ́kànga pè mí lórí fóònù.

"Màmá, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dí gbogbo kànga. Wọ́n ní aráàlú ti gbà. Ṣé kí n ṣì wá lọ́la? Torí tí a bá sọ òrùka sí i tán, tí wọ́n bá wá ní ká dí i, ẹ má sọ pé èmi ni mo kó yín sí wàhálà o."

"Ta ló sọ fún ọ pé aráàlú gbà?"

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, Màmá. Wọ́n ní ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Ó tọ̀nà, mo wà níbẹ̀. Tí mo bá ní kó má wá, ọ̀gbẹlẹ̀ máa gbẹ kànga kó tó di pé òjò dé, ògì mi á dúró, àdúgbò á sì máa gbé korobá kiri. Tí mo bá ní kó wá, ó lè jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ ni mo ń ṣe òrùka fún. Ohun kan ṣoṣo tí mo nílò láti mọ èyí tí màá ṣe wà nínú ìwé kan tí ẹnì kan kọ̀ láti ṣí fún mi.

Mo ní, "Wá. Ṣùgbọ́n má tètè dé. Mo ní ibì kan tí mo fẹ́ kọ́kọ́ yà."

Lọ́jọ́ kejì mo sẹ́ ògì mi tán, mo bo ìkòkò, mo wé gèlè, mo gbéra. Àlájà ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Alága àdúgbò bá wa lójú ọ̀nà, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa rìn. A bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì.

"Màmá, ẹ tún ti dé."

"Mo tún ti dé. Àmín mi ni mo wá gbà."

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. "Àmín kò ṣeé gbà padà, Màmá."

"Ọlọ́run ni mo ṣe é fún, n kò ṣe é fún ẹ̀yin. Mo ṣe àmín pé kí kọ́lẹ́rà má wọ àdúgbò, kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé mo fọwọ́ sí òfin tí n kò rí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti yọ mí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá kan wá, ó ní òun kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, òun fẹ́ kí wọ́n kà á fún aráàlú lédè tí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó dìbò."

"Ìyá méjì," ni Àlájà sọ. "Ẹ má yọ mí sílẹ̀."

Alága àdúgbò fọ ọ̀fun rẹ̀. "Èmi náà. Ẹ kọ ọ́ pé alága àdúgbò náà ni."

Akọ̀wé ní òun kò lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo fa àga kan, mo jókòó. Mo ní kó máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ, n kò kánjú. Ó bu búrẹ́dì sẹ́nu, kò lè gbé e mì dáadáa pẹ̀lú bí a ṣe ń wò ó. Nígbà tó yá ó fa bébà kan jáde, ó kọ ọ́, mo sì ní kó kà á sí mi létí látòkè délẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i. Ó kà á. Ó ti fo ibi tí mo sọ pé lédè tí wọ́n gbọ́. Mo ní kó fi kún un. Ó fi kún un, mo wá kọ orúkọ mi, Àlájà àti alága àdúgbò náà kọ tiwọn.

N kò rí ìwé òfin náà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì rí i.

Nígbà tí mo délé, agbẹ́kànga ti jókòó sórí àpótí mi, okùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n ti sọ fún mi. Mo ní wọn kò sọ.

"Kí wá ni ká ṣe, Màmá?"

Mo ṣí ọmọrí kànga. A jọ wo inú rẹ̀. Omi díẹ̀ tó kù ń dán nísàlẹ̀, a sì rí òrùka tó ti sán, a rí iyanrìn tó ń ya wọlé láti ẹ̀gbẹ́.

"Wọ inú rẹ̀," ni mo sọ.

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó so okùn mọ́ ìdí. Kó tó gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, ó ṣe bí àwọn agbẹ́kànga ṣe máa ń ṣe. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run máa jẹ́ ká bá omi níbẹ̀ o."

Mo tún wo ìsàlẹ̀ kànga náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dá a lóhùn.

"Àmín," ni mo wí, mo sì bá a di okùn mú.